Àyìnlá Ọmọwúrà

Àyìnlá Ọmọwúrà (nǹkan bí ọdún 1933 – ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1980) jẹ́ olórin àpàlà, ọmọ bíbí ìlú Abẹ́òkúta ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Waidi Àyìnlá Yusuf Gbogbolówó. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ a tún máa pè é ní Anígilájé, Ẹ̀gúnmọ́gàjí àti Hàjì Costly. Ọdún mẹ́wàá péré ni ó fi gbé àwo jáde lábẹ́ ilé-iṣẹ́ EMI, láti ọdún 1970 títí di ọdún tí ó kú, àwo ńlá tí ó sì ṣe láàárín àkókò náà tó nǹkan bí ogún.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Itoko, ọ̀kan lára àwọn àdúgbò àtijọ́ ní Abẹ́òkúta, ni wọ́n bí i sí. Yusuf Gbogbolówó, bàbá rẹ̀, jẹ́ alágbẹ̀dẹ. Wúràmọ́tù Morẹ́nikẹ́ ni ìyá rẹ̀ ń jẹ́. Lára orúkọ ìyá yìí ni a ti fa Ọmọwúrà yọ, ìyẹn ni ọmọ tí Wúrà bí. Kì í ṣe ohun tuntun láàárín Yorùbá kí á fi orúkọ ìyá pe ọmọ, pàápàá ní agboolé tí obìnrin pọ̀ sí, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ kí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ bo ti bàbá mọ́lẹ̀ tó báyìí, débi pé ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń gbọ́ orin rẹ̀ kò mọ Gbogbolówó rárá.

Kò lọ sí ilé-ìwé. Ilé arọ bàbá rẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lẹ́yìn náà ó ṣe alápatà, ó ṣe káfíńtà, ó sì wa ọkọ̀. Kò sí èyí tí ó di iṣẹ́ ayé rẹ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n wọn kò lọ lásán. Ìsọ̀ ẹran àti ibùdókọ̀ ni ó ti kọ́ èdè tí ó fi ń kọrin: èdè tí ó mú bí abẹ, tí ó kún fún òwe, ẹ̀fẹ̀ àti èébú, tí ẹ̀ka-èdè Ẹ̀gbá sì máa ń yọjú nínú rẹ̀ láìtijú. Ibẹ̀ náà ni ó ti kọ́ bí a ṣe ń jà.

Iṣẹ́ orin

Kí ó tó gbé àwo àkọ́kọ́ jáde, àpàlà ti ní ọ̀gá. Haruna Ishola ará Ìjẹ̀bú-Igbó ti ń kọrin sínú àwo láti ọdún 1948, àwọn ọlọ́lá ni ó sì ń pè é sí òde ìnáwó. Ní Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀, Yusuf Olátúnjí, ọ̀gá nínú orin sákárà, ni ó gba iwájú. Àpàlà kì í lo gìtá tàbí fèrè. Ìlù gángan, àkúbà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo ni wọ́n ń lù sí i, ohùn olórin àti ti àwọn elégbè ni ó kù. Haruna Ishola a máa rọra kọ tirẹ̀, bí àgbàlagbà tí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ti Ọmọwúrà yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìlù rẹ̀ le, ohùn rẹ̀ sì ń dún bí ti ẹni tí ó ń pe ènìyàn láti òdìkejì ọjà.

A kò lè sọ ìtàn rẹ̀ láìdárúkọ Adéwọlé Àlàó Onílùọlá, tí ó jẹ́ aṣáájú àwọn onílù rẹ̀. Gángan Adéwọlé kì í tẹ̀lé orin lásán. Ó ń dá olórin lóhùn, ó ń parí gbólóhùn tí olórin bá dá dúró, ó sì ń sọ èyí tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ. Ẹni tí kò bá gbọ́ èdè ìlù, ìdajì ọ̀rọ̀ inú àwo náà ni ó gbọ́.

Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ EMI jáde ní ọdún 1970. Ajá t'ó fojú di ẹkùn ni ó pè é, òwe tí gbogbo Yorùbá mọ bí ó ṣe ń parí, tí àwọn olórin tí ó ń bá a du ipò náà sì mọ ẹni tí ó ń bá wí. Ìdíje yìí kò tán lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ìjà orin tí ó wà láàárín òun àti Fatai Olowonyo gbajúmọ̀, àwọn tí ó ń ra àwo sì ń retí èsì bí ẹni ń retí ìròyìn ogun. Nígbà tí ó ṣe àwo Challenge Cup ní ọdún 1974, inú ìdíje bọ́ọ̀lù ni ó ti mú orúkọ náà, ó sì fi ara rẹ̀ ṣe ẹni tí ó gbé ife. Ohun tí ayé wá mọ̀ mọ́ àwọn olórin ráàpù ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, kí olórin méjì máa fi àwo bá ara wọn jà, àwọn ará Abẹ́òkúta ti ń jó sí i kí ráàpù tó dé inú àwo.

Orin nípa ìjọba àti àwùjọ

Ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti níye lórí jùlọ ni orin tí ó kọ nípa ohun tí ìjọba ń ṣe. Ní ìparí ọdún 1973, ìjọba ológun Yakubu Gowon ka iye àwọn ènìyàn Nàìjíríà. Ìkànìyàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, nítorí pé nínú ìrántí àwọn àgbà, ẹni tí ìjọba bá kà ni yóò san owó-orí. Owó-orí wà lára ohun tí ó dá ogun Àdúbí sílẹ̀ ní ọdún 1918. Òun náà ni àwọn obìnrin Abẹ́òkúta bá jà títí tí Aláké Ladapo Ademola fi fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1949. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni Ọmọwúrà ti gbé àwo jáde lórí ìkànìyàn. Ọ̀rọ̀ tí ìwé ìròyìn ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ fún àwọn tí ó lè kàwé, òun tí kò lè kàwé fi ìlù sọ ọ́ fún àwọn tí ó dà bí tirẹ̀. Ìjọba Murtala Muhammed fagi lé èsì ìkànìyàn náà ní ọdún 1975. Àwo náà kò parẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí pẹ̀lú owó Udoji. Ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji darí dábàá ní ọdún 1974 pé kí ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì san àjẹsílẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975. Bí owó ti bọ́ sí ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni ọjà gbówó lórí. Awakọ̀, alápatà àti ìyálọ́jà kò gba Udoji, ṣùgbọ́n àwọn náà ń ra nǹkan ní iye tí Udoji sọ ọ́ dà. Àwo Owó Udoji jáde ní ọdún náà gan-an, ó sì wà lára àwọn èyí tí a mọ̀ mọ́ ọn jùlọ.

Kì í ṣe gbogbo ìbáwí rẹ̀ ni ó dọ́gba. Ó kọrin bá àwọn tí ń bóra wí, ó sì kọ Pánságà rántí ọjọ́ ọ̀la, nínú èyí tí ó ti dojú ọ̀rọ̀ líle kọ àwọn obìnrin tí kò jókòó ti ọkọ kan. Òun fúnra rẹ̀ fẹ́ ìyàwó púpọ̀, kò sì sí orin kan náà tí ó le tó bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọkùnrin.

Mùsùlùmí ni. Ó lọ sí hájì ní àárín àwọn ọdún 1970, ó sì fi àwo Àbọ̀dé Mẹ́kà ṣe ìrántí ìrìn àjò náà. Oyè alhájì kò tù ú nínú tó bí àwọn kan ti rò. Gbogbo ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni ó gbà pé ìbínú rẹ̀ yá.

Ikú rẹ̀

Fatai Bayewunmi, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Bayewu, ti jẹ́ alábòójútó ẹgbẹ́ orin Ọmọwúrà kí àárín wọn tó dàrú. Lẹ́yìn tí wọ́n pínyà, alùpùpù kan tí ó wà lọ́wọ́ Bayewu di ọ̀rọ̀ láàárín wọn: Ọmọwúrà ní kí ó dá a padà. Ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1980, àwọn méjèèjì pàdé ní ilé ọtí kan ní Ago-Ika, Abẹ́òkúta. Àríyànjiyàn di ìjà, Bayewu sì fi ife ọtí onígíláàsì lu Ọmọwúrà ní orí. Ọgbẹ́ náà ni ó pa á, nígbà tí ó wà ní nǹkan bí ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ilé-ẹjọ́ dá Bayewu lẹ́bi ìpànìyàn, wọ́n sì dájọ́ ikú fún un.

Ẹni tí ó fi orin bá gbogbo àwọn tí ó ń bá a du ipò jà fún ọdún mẹ́wàá, tí kò sí ẹni tí ó kú nínú ìjà náà, ọ̀rọ̀ alùpùpù ni ó mú un lọ.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀

Àwọn onífújì àti àwọn olórin ìgbàlódé ṣì ń yá orin àti gbólóhùn rẹ̀ lò. Ní ọdún 2020, akọ̀ròyìn Festus Adedayo tẹ ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Túndé Kèlání gbé fíìmù Àyìnlá jáde. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti yà á. Lateef Adedimeji ni ó ṣe Ọmọwúrà nínú rẹ̀, Debo Adedayo, tí a mọ̀ sí Mr Macaroni, sì ṣe Bayewu.