Roderick Haig-Brown: amọ̀nà apẹja tó di adájọ́, tó sì gbèjà odò

Ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá ọdún 1976 ni Roderick Haig-Brown jáde láyé ní ilé rẹ̀ létí odò Campbell, lórí erékùṣù Vancouver ní ìwọ̀-oòrùn Kánádà. Ẹni ọdún 68 ni. Ó ti ṣe apẹja, ó ti ṣe amọ̀nà fún àwọn apẹja, ó jẹ́ òǹkọ̀wé, ó sì jẹ́ adájọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọn kò fi gbàgbé rẹ̀ ni pé ó dìde gbèjà odò nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹja kò lè tán láé.

Ìlú Lancing nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 21 oṣù kejì ọdún 1908. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí baba rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́ àti ọmọ ogun, kú sójú ogun àgbáyé kìn-ín-ní ní 1918. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ní Dorset ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìwọ̀ pa ẹja trout. Ọmọ tó le díẹ̀ ni. Ilé-ìwé Charterhouse, níbi tí baba baba rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀gá àgbà tẹ́lẹ̀, lé e jáde.

Ní 1926, ó wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Amẹ́ríkà, ó ń bá wọn gé gẹdú lágbègbè Seattle. Nígbà tí àkókò ìwé ìgbélùú rẹ̀ pé, ó ré ààlà kọjá sí Kánádà. Lágbègbè odò Nimpkish, iṣẹ́ tó bá rí ló ń ṣe. Ó gé igi, ó dẹ pańpẹ́ fún ẹranko, ó pẹja, ó sì ń mú àwọn àlejò lọ síbi tí ẹja wà kó lè rówó jẹun.

Iṣẹ́ amọ̀nà kọjá kí èèyàn mọ ìwọ̀ jù. Amọ̀nà gbọ́dọ̀ mọ ẹja tó ń wọlé ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Ní àwọn odò yẹn, ìgbà òtútù ni ọ̀pọ̀ steelhead máa ń gòkè wá. Irú ẹja trout kan ni: inú odò ni wọ́n bí i sí, ó lọ dàgbà lókun, ó sì padà wá yé ẹyin. Àwọn mìíràn ń wọlé nígbà ooru. Tó bá di oṣù kẹjọ, salmon ńlá tí wọ́n ń pè ní chinook ti dé ẹnu odò Campbell. Ẹgbẹ́ Tyee Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1924, kì í gba ẹni tó bá fi ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì pẹja. Ọkọ̀ alájẹ̀ ni wọ́n ń lò, ẹja náà sì gbọ́dọ̀ tó nǹkan bíi kílò 14 kí apẹja tó di ọmọ ẹgbẹ́. Nígbà tí ewé bá ń rẹ̀, àwọn salmon á gòkè, wọ́n á yé ẹyin sáàárín òkúta wẹ́wẹ́, wọ́n á sì kú síbẹ̀. Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ẹja wọ̀nyí kì í gbàgbé tiwọn.

Ní 1934, Haig-Brown fẹ́ Ann Elmore, ọmọ Seattle. Wọ́n fìdí kalẹ̀ létí odò Campbell, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́rin. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Silver, ti jáde ní 1931. Ní 1941, ó kọ Return to the River, ìtàn ayé ẹja chinook kan. Láàárín 1951 sí 1964, ó kọ ìwé mẹ́rin lórí ẹja pípa, ọ̀kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan nínú ọdún. Kò ka ìwé òfin ní yunifásítì, síbẹ̀ wọ́n fi í ṣe adájọ́ ìlú náà, ó sì ṣe é fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún.

Ìjà ńlá dé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Wọ́n fẹ́ ṣe ìdídò láti fi pèsè iná mànàmáná, èyí tí yóò gbé omi adágún Buttle sókè nínú igbó Strathcona, tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ láti 1911. Ìlú ń fẹ́ iná, wọ́n ń fẹ́ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò sì rọrùn. Haig-Brown kọ̀wé, ó lọ sí ìpàdé, ó sọ̀rọ̀ ní gbangba. Kò borí. Ní 1958, wọ́n parí ìdídò náà, omi sì bo etí adágún.

Kò tìtorí èyí dákẹ́. Nígbà tí wọ́n gbèrò ìdídò Moran lórí odò Fraser, ọ̀kan nínú àwọn odò tí salmon ti pọ̀ jù lágbàáyé, ó wà lára àwọn tó takò ó. Wọn kò kọ́ ìdídò náà títí di òní, ẹja sì ń rí ọ̀nà kọjá.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ọgbà ìjọba kan létí odò Adams. Ní 2018, wọ́n yí orúkọ ibẹ̀ padà sí Tsútswecw, ní èdè àwọn Secwepemc tó ni ilẹ̀ náà látayébáyé. Lọ́dọọdún, nígbà tí ooru bá ti lọ, ẹja salmon pupa ṣì ń padà wá yé ẹyin níbẹ̀. Lọ́dún mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n máa ń pọ̀ jù.