Ben Enwonwu: Ẹni Tó Gbé Ṣàǹgó Dúró sí Marina

Ẹni tó bá ti gba Marina kọjá rí ní Èkó, á ti rí ère Ṣàǹgó gàgàrà kan níwájú ilé iṣẹ́ iná mànàmáná. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gba ibẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n ń sáré bọ́ọ̀sì, wọ́n ń sáré iṣẹ́. Ère náà ò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó jẹ́ kí wọ́n wo òun. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kí wọ́n dárúkọ ẹni tó ṣe é, ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ọ́n. Ben Enwonwu lorúkọ rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, torí ó kan àwa ọmọ iléèwé gan-an.

Ọmọ Ìgbò ni, láti ìlú Onitsha. Ọjọ́ 14, oṣù Keje, ọdún 1917 ni wọ́n bí i, ìbejì sì ni. Agbẹ́gilére tí wọ́n mọ̀ dáadáa ni bàbá rẹ̀, Omenka. Ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ. Nígbà tí bàbá kú ní 1921, ọmọdé ni Ben ṣì jẹ́. Irin iṣẹ́ tí bàbá fi ń gbẹ́ ère ló jogún, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n gbẹ́gi.

Láyé ìgbà yẹn, ìjọba òyìnbó ò ka àwòrán yíyà sí ohun tó yẹ kí ọmọ aláwọ̀ dúdú máa kọ́ ní iléèwé. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan ló bá wọn fà á. Aina Onabolu ni, ọdún 1882 ni wọ́n bí i ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó kọ́ ara rẹ̀ ní àwòrán yíyà kó tó lọ kàwé sí i ní London. Nígbà tó dé, ó ń ti iléèwé kan bọ́ sí òmíràn ní Èkó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ. Iṣẹ́ yìí pọ̀ ju agbára ẹnì kan lọ, ló bá ń rọ ìjọba títí wọ́n fi mú olùkọ́ kan wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1927. Kenneth Murray ni olùkọ́ yẹn. Ọwọ́ Murray yìí ni Enwonwu bọ́ sí ní 1934, ní Government College Ìbàdàn, kí wọ́n tó jọ lọ sí Umuahia. Ká ní Onabolu ò takú ni, bóyá a ò bá má gbọ́ orúkọ Enwonwu rárá.

Ní 1937, wọ́n kó iṣẹ́ àwọn ọmọ tí Murray kọ́ lọ sí London, wọ́n pàtẹ wọn ní Zwemmer Gallery. Ti Enwonwu wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tó ẹni ogún ọdún ni. Lẹ́yìn náà ó ṣe tíṣà ní Umuahia àti ní Benin. Ní 1944 ló rí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ gbà, ó kàwé ní Goldsmiths, ó kàwé ní Oxford, ó sì jáde ní Slade ní London ní 1947. Nígbà yẹn, àwọn òyìnbó kan ń wo iṣẹ́ ọnà Áfíríkà bí ohun àtijọ́ lásán. Enwonwu ò gbà fún wọn. Ó ń lo ohun tó kọ́ lọ́dọ̀ wọn, ó ń lo ohun tó bá nílé bàbá rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni há òun mọ́ igun kan torí àwọ̀ òun.

Láàárín 1954 sí 1955 ló ṣe ère tó ń jẹ́ Anyanwu, ìyẹn ojú oòrùn lédè Ìgbò. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó dà bí ẹni tó ń yọ bọ̀ láti inú ilẹ̀, ó wọ ìlẹ̀kẹ̀ bí àwọn ará ààfin Benin. Ìta ló wà, níwájú mùsíọ́mù ìjọba ní Oníkàn, l'Ékòó. Murray, tíṣà rẹ̀ àtijọ́, ló dá mùsíọ́mù náà sílẹ̀ ní 1957. Ẹ wò ó o: tíṣà dá ilé sílẹ̀, ọmọ kíláàsì rẹ̀ gbé ère síwájú ilé. Ní 1966, Nàìjíríà fi irú ère yìí kan náà ta Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́rẹ ní New York.

Ní 1956 wọ́n gbé iṣẹ́ ère Ọbabìnrin Elizabeth fún un. Ọbabìnrin fúnra rẹ̀ jókòó kó lè máa wò ó ṣe é. Nígbà tí ère náà jáde ní 1957, àwọn kan ń kùn pé ó ti ki ìrísí aláwọ̀ dúdú bọ ojú Ọbabìnrin. Kíkùn yẹn ò dá a dúró.

Ní 1964 ló wá fi idẹ ṣe Ṣàǹgó fún ilé iṣẹ́ iná. Àwa Yorùbá ò nílò àlàyé níbẹ̀, ṣebí iná mànàmáná là ń pè é! Àmọ́ ẹ rò ó wò: ọmọ Onitsha ló ṣe òrìṣà Ọ̀yọ́, tó gbé e síta ní Èkó, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé iṣẹ́ àjèjì ni.

Èyí tó kan ẹgbẹ́ oníròyìn wa nìyí. Ní 1960, ìwé ìròyìn Daily Mirror ní London ní kó gbẹ́ ère igi méje fún ilé tuntun wọn. Ó gbẹ́ wọn bí èèyàn tó ṣí ìwé ìròyìn sílẹ̀ lọ́wọ́, ìwé náà sì nà bí ìyẹ́ ẹyẹ. Nígbà tó yá, àwọn ère yẹn sọnù fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó tún rí wọn.

Ní 1971 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí ọmọ ọba kan, Adétutù, tí ìrísí rẹ̀ wù ú láti yà. Kò kàn dédé yà á. Ó kọ́kọ́ tọ ẹbí lọ, ó bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà. Àwòrán mẹ́ta ló yà láàárín 1973 sí 1974, ó pè wọ́n ní Tutu. Ogun abẹ́lé ò tíì pẹ́ tí ó parí, torí náà nígbà tí Ìgbò ya ọmọ Ifẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ báyìí, ọ̀pọ̀ èèyàn rí i bí àmì ìrẹ́pọ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ wọ pálọ̀ káàkiri Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n wọn ò mọ ibi tí àwọn ojúlówó wọlé sí mọ́. Ọdún 2017 ni wọ́n tó rí ọ̀kan nínú fláàtì kan ní London, wọ́n sì tà á ní 2018 ní iye tó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Enwonwu ò sí láyé mọ́ nígbà yẹn. Ó ti kú lọ́jọ́ 5, oṣù Kejì, 1994, lẹ́ni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin.

Ohun tí mo rí fà yọ nìyí. Tutu wọ yàrá, ojú ò rí i mọ́. Ṣàǹgó àti Anyanwu wà níta nínú òjò àti oòrùn, alábàárù lè wò wọ́n, ọ̀gá báńkì lè wò wọ́n. Síbẹ̀ wíwà níta nìkan ò tó, tí àwa tí à ń kọjá ò bá gbójú sókè, tí a ò sì bèèrè ẹni tó ṣe é. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bínú nígbà tí ẹnì kan bá ní Fine Art lòun fẹ́ ṣe ní WAEC tí àwọn kan ń fi í ṣẹ̀sín, bíi pé iṣẹ́ ọmọ tí orí rẹ̀ ò jí ni. Onabolu ti jà fún wa kí ẹ̀kọ́ yìí tó wọ iléèwé. Kí la wá fẹ́ sọ pé àwa fi ṣe?

Tí wọ́n bá kó wa lọ sí Èkó fún ìrìn àjò ẹ̀kọ́, ẹ má jẹ́ ká parí rẹ̀ sí etíkun nìkan. Ká bẹ̀rẹ̀ ní Oníkàn. Ká wo Anyanwu dáadáa ká tó sanwó wọlé, ká yí i po, torí ère ò lójú kan. Lẹ́yìn náà ká lọ kí Ṣàǹgó ní Marina. Tí a bá sì rí àwòrán tí wọ́n yà sára ògiri lójú ọ̀nà, ká wo igun ìsàlẹ̀ bóyá ẹni tó yà á kọ orúkọ síbẹ̀. Ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsù dání. Ẹni tó bá ya ohun tó rí, kó mú un wá bá wa, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibí yìí, tòun torúkọ rẹ̀.