Samuel Àjàyí Crowther àti Àṣẹ Ogun inú Májẹ̀mú Láéláé

Àṣẹ ìparun tí Májẹ̀mú Láéláé sọ pé Ọlọ́run pa fún Ísírẹ́lì jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń kọ ọ̀pọ̀ òǹkàwé lóminú. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ìgbésí ayé Àjàyí Crowther ló mú ọ̀rọ̀ náà sún mọ́ wa jù, nítorí ẹni tí ogun kó lẹ́rú ni, òun náà ló sì fi ìtàn irú ogun bẹ́ẹ̀ sí èdè wa.

Ní nǹkan bí ọdún 1806 ni a bí i ní Òṣoògùn. Ní 1821 ogun ja ìlú náà, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì kó Àjàyí pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì lẹ́rú. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bọ́ sínú ọkọ̀ Potogí ní Èkó. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, ó dé Sàró, ó ṣe ìrìbọmi ní 1825, ó sì di àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1846, òun àti Townsend wọ Abẹ́òkúta. Láìpẹ́ ni ó rí Afala, ìyá rẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Ìlú àwọn tí ogun lé kúrò nílé ni Abẹ́òkúta. Àwọn tó ń gbọ́ ìwàásù rẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wọn bí ìlú ṣe ń jó.

Nígbà tí ó di àárín àwọn ọdún 1850, ìtumọ̀ Jẹ́nẹ́sísì àti Ẹ́kísódù tí ó ṣe ti jáde. Nínú Ẹ́kísódù ni àwọn ọmọ Léfì ti gba àṣẹ láti fi idà pa arákùnrin àti aládùúgbò, tí nǹkan bí 3,000 ènìyàn sì kú. Ibẹ̀ náà ni Ọlọ́run ti búra láti pa ìrántí Ámálékì rẹ́.

Nínú lẹ́tà tí Crowther kọ ní 1837, ó ka ọjọ́ tí wọ́n mú un sí ọjọ́ ìbùkún, nítorí ibi tí Ọlọ́run gbà á já sí. Bí Jósẹ́fù náà ṣe rò nìyẹn. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìdáhùn Jósẹ́fù kò kan Ámálékì. Àwọn tó ta Jósẹ́fù kò gba àṣẹ lọ́dọ̀ Ọlọ́run; ìwà ibi wọn ni Ọlọ́run yí padà sí rere. Àṣẹ ni ìwé náà ní àwọn ọmọ Léfì gbọ́.

Crowther fúnra rẹ̀ kò kórìíra ìbọn pátápátá. Ní oṣù Kẹta ọdún 1851 ni àwọn Ẹ̀gbá, tí àwọn onígbàgbọ́ wà lára wọn, lé ogun Dahomey padà. Lọ́dún yẹn kan náà ó lọ bá Palmerston ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí Gẹ̀ẹ́sì ti Akíntóyè lẹ́yìn lórí ọ̀rọ̀ Kòsọ́kọ́. Ní oṣù Kejìlá, àgbá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ba Èkó jẹ́. Ìdí tí ó gbé kalẹ̀ ni òpin òwò ẹrú àti ààbò Abẹ́òkúta, ìdí tí ènìyàn lè yẹ̀ wò, tí ó sì lè takò. Àṣẹ tó dé bá Ámálékì kò fi irú àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Nígbà tí Bíbélì Yorùbá pé odindi ní 1884, Jẹ́ríkò àti Ámálékì wà níbẹ̀ láìyọ ohunkóhun. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891 ni Crowther kú, ní Èkó.