Walter Egerton: Gómìnà tó bá yanrìn ẹnu òkun Èkó wọ̀yá ìjà

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gba iwájú ibùdókọ̀ rélùwéè Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, kọjá ni kò mọ̀ pé nígbà tí rélùwéè kọ́kọ́ dé ìlú yìí lọ́dún 1901, ọkọ̀ òkun ńlá kò rí ọ̀nà wọ Èkó. Ekùrọ́ àti epo yóò ti Ìbàdàn dé Èkó wéré, àmọ́ ọkọ̀ kékeré ni yóò tún gbé e kọjá òkìtì yanrìn tó wà lábẹ́ omi lẹ́nu ọ̀sà, nígbà mìíràn títí dé Forcados, kí ọkọ̀ ńlá tó gbà á. Sir Walter Egerton ló fi ọwọ́ líle mú ọ̀rọ̀ náà.

Ọdún 1858 ni wọ́n bí i. Ilẹ̀ àwọn Malay, ní Éṣíà, ló ti ṣiṣẹ́ ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di gómìnà Èkó lọ́dún 1904. Nígbà tí wọ́n da Èkó pọ̀ mọ́ Gúúsù Nàìjíríà lọ́dún 1906, òun náà ni wọ́n fi ṣe olórí. Àsìkò rẹ̀ ni wọ́n la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́. Àwọn ará Èkó kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ ṣá. Nígbà tó fẹ́ máa gba owó omi lọ́dún 1908, Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti takò ó.

Ẹ jẹ́ ká fi ògì ṣàlàyé ìṣòro ẹnu òkun náà. Bí ìyá ẹlẹ́kọ bá da ọwọ́ ru ògì tó ti rọlẹ̀, gbogbo omi náà ni yóò funfun; bó bá fi í sílẹ̀, ògì á rọlẹ̀, omidùn á tòrò lókè. Bí ọwọ́ ìyá ẹlẹ́kọ ni ìgbì òkun rí. Níbi tí omi ti jìn, ìgbì kì í kan ìsàlẹ̀. Bó bá ti dé ibi tí omi kò jìn mọ́, á máa ti yanrìn síwá-sẹ́yìn títí yóò fi gbé e dìde. Èyí tó wúwo á tètè rọlẹ̀, èyí tó kúnná bí èlùbọ́ á pẹ́ nínú omi. Ìgbì etíkun wa ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá, ó ń fẹ̀gbẹ́ lu ilẹ̀, ó sì ń bí ìṣàn omi tó ń wọ́ yanrìn náà lọ sí ìlà-oòrùn. Lẹ́nu ọ̀sà Èkó, agbára ìṣàn á dín, yanrìn á jókòó. Bí wọ́n bá kó o lónìí, ìgbì á gbé òmíràn dé lọ́la.

Ilé iṣẹ́ Coode, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Gẹ̀ẹ́sì, ti dámọ̀ràn ṣáájú Egerton pé kí wọ́n kọ́ ògiri òkúta wọ inú òkun. Lábẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ tó ń wa yanrìn, tí wọ́n fi orúkọ òun gan-an sọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1907. Ògiri ìlà-oòrùn bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1908. Ọkọ̀ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́dún 1914, nígbà tí Lugard ti gbapò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n yanrìn tí ògiri dá dúró kò sọnù. Ìhà ìwọ̀-oòrùn, ní Lighthouse Beach, ló kóra jọ sí. Ní Bar Beach, lódìkejì, ìgbì ń gbé yanrìn lọ, kò sì sí òmíràn tó ń rọ́pò rẹ̀. Etíkun náà fà sẹ́yìn ju kìlómítà kan lọ láàárín ọdún díẹ̀ sí ọgọ́ta. Lóṣù kẹjọ, ọdún 2012, òkun gbé èèyàn lọ ní Kuramo. Lójú tèmi, a kò lè kó gbogbo ẹ̀bi lé Egerton lórí, àwọn ìjọba tó tẹ̀ lé e ní àkókò tó pọ̀ tó láti tún un ṣe. Àmọ́ ẹnikẹ́ni kò fọ̀rọ̀ lọ àwọn tí ilẹ̀ wọn bọ́ sómi.

Ibi tí wọ́n tún gbé e lọ lọ́dún 1912, British Guiana ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ẹrẹ̀ ló bá níbẹ̀. Odò Amazon ló ń tú u sókun, ìgbì sì ń rò ó títí omi etíkun fi pọ́n. Òkìtì ẹrẹ̀ náà ń rìn díẹ̀díẹ̀: ibi tó bá wà, ìgbì á rọ̀, ibi tó bá kúrò, ìgbì á máa jẹ ilẹ̀. Ẹ̀yìn ògiri ni Georgetown, olú ìlú ibẹ̀, sá sí. Ọdún 1917 ni Egerton kúrò níbẹ̀.

Ó kú lọ́dún 1947. Àwọn ògiri òkúta ẹnu ọ̀sà Èkó ṣì wà, àwọn ọkọ̀ tó ń wa yanrìn kò sì tíì ṣíwọ́ iṣẹ́ níbẹ̀.