Fáda Slattery: Òyìnbó Tó Da Ìwé, Iṣẹ́ Ọwọ́ àti Bọ́ọ̀lù Pọ̀ ní Akọka

  Níbi ìnáwó kan tí a lọ láìpẹ́ yìí, bàbá méjì ń ṣàròyé nípa àwọn ọmọ wọn. Ọmọ ti àkọ́kọ́ ń gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ìwé rẹ̀, bàbá sì fẹ́ kó jáwọ́ níbẹ̀ kó gbájú mọ́ ìwé. Ọmọ ti ìkejì fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ojú sì ń ti bàbá rẹ̀ láti sọ ọ́ fún àwọn ará ilé. Bí mo ṣe ń gbọ́ wọn, Fáda Slattery ló sọ sí mi lọ́kàn. Ẹni tó bá gbé Èkó láyé ọjọ́un á mọ orúkọ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kejì ọdún 1916 ni wọ́n bí Denis Slattery ní ìlú Fermoy, ní agbègbè Cork, ní Ireland. Ọjọ́ ìbí tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́rin ló ń yọjú! Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni àwọn kan lára ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ gbé ìbọn dìde sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Dublin. Ṣé ẹ rí i, abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí òun náà sí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe bí àwọn bàbá wa.

Ó wọ ẹgbẹ́ àwọn fáda SMA, àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Èkó láti nǹkan bí ọdún 1860 ó lé. Ní 1941, nígbà tí ogun Hitler ń jà lọ́wọ́, ó dé Nàìjíríà. Ìlawẹ̀-Èkìtì ni wọ́n kọ́kọ́ rán an lọ, ibẹ̀ ló sì ti ń kọ́ Yorùbá. Nígbà tí wọ́n pè é wá sí Èkó, ó ṣe tíṣà ní St. Gregory's College, lẹ́yìn náà ó di olóòtú ìwé ìròyìn Catholic Herald. Ní 1945 tí àwọn òṣìṣẹ́ yanṣẹ́ lódì káàkiri ilẹ̀ wa, ẹ̀yìn òṣìṣẹ́ ló wà. Ní 1949 tí ọlọ́pàá ìjọba yìnbọn pa awakùsà mọ́kànlélógún ní Enugu, kò dákẹ́. Òyìnbó ni lóòótọ́, àmọ́ ìjọba òyìnbó kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé tiwọn ni.

Iṣẹ́ tí a fi ń rántí rẹ̀ jù wá bẹ̀rẹ̀ ní 1956. Ó dá ilé ìwé gíga àwọn ọmọkùnrin sílẹ̀, ó sì fi orúkọ ẹni mímọ́ ìlú Cork pè é: St. Finbarr's College. Inú ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó kó lọ sí Akọka. Òun fúnra rẹ̀ ni prínsípà fún nǹkan bí ogún ọdún.

Ibí yìí ló kan èmi tí mo jẹ́ ẹnjinníà. Nígbà náà, ohun tí òbí púpọ̀ gbà ni pé ọmọ tó mọ̀wé á lọ sí girama, olódo ló ń lọ kọ́ṣẹ́. Fáda kò gba ìyẹn. Ó da girama àti tẹ́kíníkà pọ̀ sábẹ́ òrùlé kan. Ọmọ tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò náà láǹfààní láti kọ́ iṣẹ́ igi, iṣẹ́ irin àti yíyàwòrán ẹ̀rọ. Ilé ìwé bẹ́ẹ̀ ò wọ́pọ̀ rárá ní Nàìjíríà láyé ìgbà yẹn. Mo ti bá àwọn ẹnjinníà kan ṣiṣẹ́ tó jẹ́ pé ìwé ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ bí irin ṣe ń rí lọ́wọ́. Mo mọyì ohun tó ṣe.

Bọ́ọ̀lù ńkọ́? Fáda yìí kan náà ni rẹfirí tí gbogbo Èkó mọ̀. Àwọn ọmọ Finbarr's gba ife Principals' Cup lọ́pọ̀ ìgbà. Ibẹ̀ ni Henry Nwosu àti Stephen Keshi ti jáde. Keshi yìí ló jẹ́ kápútéènì wa nígbà tí a gba ife Áfíríkà ní 1994, òun náà ló tún gbà á gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì ní 2013. Síbẹ̀, mímọ bọ́ọ̀lù gbá kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ òfin. Ẹni tó bá jí nǹkan tàbí tó jí ìwé wò nígbà ìdánwò, ilé ló ń lọ. Òfin náà le, àwọn kan sì rò pé ó le jù, torí ọmọ kékeré lè ṣe àṣìṣe kan kó má rí ibi yípadà sí. Ṣùgbọ́n kò sí pé ọmọ olówó ni tàbí ọmọ mẹ̀kúnnù.

Láàárín 1970 sí 1979, ìjọba gba ilé ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí òbí wọn kò lówó rí ìwé kà lọ́fẹ̀ẹ́, a kò lè sẹ́ ìyẹn. Àmọ́ èrò pọ̀ ju kíláàsì lọ, ìtọ́jú sì dínkù. Fáda ń wò ó. Ní 2001, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá ilé ìwé náà padà fún ìjọ Kátólíìkì. Bàbá sì rí i kó tó kú ní 2003, lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Ẹni bí ọgọ́ta ọdún ti kọjá lára ọjọ́ tó dé Ìlawẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá méjì tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, ẹ má bínú o. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kì í ṣe ìwé nìkan. Ẹ jẹ́ kí ọmọ gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀, kí ó sì ka ìwé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èyí tó fẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ kọ́ ọ dáadáa. Ohun tí Fáda fi sọ ọ̀rọ̀ náà di òótọ́ ni pé ó wà níbẹ̀: ní kíláàsì, lórí pápá, lẹ́nu ọ̀nà. Iṣẹ́ òru ìlú òyìnbó kì í jẹ́ kí a wà nílé, mo mọ̀. Ẹ jẹ́ ká wá àyè díẹ̀ lọ wo bọ́ọ̀lù ọmọ wa lọ́jọ́ Sátidé.

Ó dìgbà kan ná.