Agostino Bassi, Baba Tó Mọ Ohun Tí Ń Pa Kòkòrò

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tí mò ń pìtàn rẹ̀ yìí ló fi hàn pé ara kòkòrò náà ni ikú tirẹ̀ lè wà.

Ní 1773 ni wọ́n bí Agostino Bassi lẹ́bàá ìlú Lodi ní Ítálì. Òfin ló kà ní Pavia, ṣùgbọ́n ojú tí ń dùn ún lé e kúrò nídìí iṣẹ́ ìjọba padà sí oko. Àrùn kan ń pa kòkòrò ṣẹ́dà nígbà náà. Òkú wọn a gan, a sì funfun bí ẹfun. Láti 1807 ni Bassi ti ń wá ìdí rẹ̀. Ní 1835, ó kéde pé ohun ẹlẹ́mìí kan, ìbátan olú, ló fà á, àti pé ìyẹ̀fun funfun náà ní í ràn. Pasteur ṣì kéré, a kò sì tíì bí Koch. Bassi kú ní 1856; Beauveria bassiana tí a ń pe ohun náà, orúkọ rẹ̀ ni.

Lónìí, wọ́n ń fi í pa kòkòrò tí ń jẹ ewé igi páìnì nínú igbó Ṣáínà. A lẹ̀ mọ́ kòkòrò lára, a hù, a sì gba awọ wọnú. Ní Kútọnu, àwọn onímọ̀ IITA lo ìbátan rẹ̀ fún eéṣú ní àwọn ọdún 1990.

Èmi tí mò ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ rí i pé ohun tó pa ọ̀tá lè pa ọ̀rẹ́. Ẹni tí yóò bá fọ́n ọn sí igbó wa, kí ó kọ́kọ́ wá ibi tí kòkòrò sányán wà. Nítorí àtidáàbò bo kòkòrò ṣẹ́dà ni Bassi ṣe bẹ̀rẹ̀.