Herbert Macaulay

Ìwọ tí ń ka ìwé yìí, bí o bá ń ka ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ sí ọ̀tá, gbọ́ ìtàn Herbert Macaulay.

Ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni. Èkó ni a bí i sí ní 1864. Ní 1923, ó dá ẹgbẹ́ NNDP sílẹ̀. Kì í fi ojú rere wo alátakò. Ìwé ìròyìn Lagos Daily News ni ó fi ń nà wọ́n lẹ́gba ọ̀rọ̀. Ní 1938, ẹgbẹ́ Nigerian Youth Movement, tí Nnamdi Azikiwe wà nínú rẹ̀, fẹ̀yìn NNDP balẹ̀ nínú ìdìbò Èkó.

Ẹlòmíràn ìbá di kùnrùngbùn sínú títí ọjọ́ alẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dá NCNC sílẹ̀ ní 1944, Macaulay, tí ó ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, gbà láti jẹ́ ààrẹ, Azikiwe sì di akọ̀wé àgbà. Wọ́n jọ rìn káàkiri Nàìjíríà ní 1946 láti tako òfin Richards. Kánò ni àìsàn ti kọlu Macaulay. Èkó ni ó kú sí ní oṣù karùn-ún ọdún náà.

Ọ̀nà kan kò wọjà. Nítorí náà, kí o tó bú ọmọ ẹgbẹ́ kejì, bi ara rẹ léèrè bóyá ìlú ni o ń jà fún, tàbí orúkọ ẹgbẹ́ lásán.